Owó ẹyọ ò sí ní bíìṣì Èkó, ọjà lẹ ti rà á

Lánàá ni mo tún rí òmíràn nínú àwọn fótò owó ẹyọ tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára. Fótò yẹn dáa o, mi ò ní parọ́, oòrùn ń wọ̀ lọ, iyanrìn ti pupa fòò, ìfófòó omi wà lẹ́yìn, owó ẹyọ bíi mẹ́jọ wà níwájú tí wọ́n ń dán gbinrin. Ẹni tó yà á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé owó àwọn baba ńlá wa rèé, bí òun ṣe ń rìn létí omi ní Elegushi lòun ń ṣà á. Àwọn èèyàn sì ń dá a lóhùn, ẹ wo bí ilẹ̀ wa ṣe lọ́rọ̀ tó, àṣé owó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí!

Ẹ jọ̀ọ́, kò ṣà á níbẹ̀. Ó rà á lọ́jà ni, ó kó o sínú ọ̀rá, ó gbé e dé bíìṣì, ó wá tò ó kalẹ̀. Kò burú kéèyàn to nǹkan kalẹ̀ kó ya fótò ẹ̀, irọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ọn ló ń bí mi nínú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbà á gbọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò kiri ní Àgbádárìgì.

Ẹyọ tí wọ́n fi ń náwó nílẹ̀ Yorùbá, èyí kékeré funfun tẹ́nu ẹ̀ ní eyín yẹn, Òkun Íńdíà ni wọ́n ti kó o wá, erékùṣù Maldives sì ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jìn, àpáta iyùn kún ìsàlẹ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹyọ ń sá pamọ́ sí. Wọ́n á ri imọ̀ àgbọn sínú omi, ẹyọ á wá so mọ́ ọn, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á rì í mọ́ ilẹ̀ títí ẹran inú ẹ̀ á fi jẹrà tán kó tó di ọjà. Ẹ wá wo etíkun tiwa, ìgbì ńlá tó ń rọ́ lu iyanrìn lásán látàárọ̀ dalẹ́. Ibo ni ẹyọ fẹ́ dì mú níbẹ̀?

Ẹ tiẹ̀ fi ọpọlọ rò ó. Ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ ni, ẹrù orí gidi ni. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń gbá a jọ létí òkun, ta ni ì bá máa roko n'Íbàdàn? Gbogbo wa là bá ti gbé ìgbálẹ̀ lọ sí bíìṣì.

Ibn Battuta, ará Mòrókò tó rin ayé já yẹn, gbé ní Maldives ní àwọn ọdún 1340, ó tiẹ̀ ṣe adájọ́ níbẹ̀. Ó ní 400,000 ẹyọ ni wọ́n ń tà ní dínárì góòlù kan, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó yá tó dé Mali àti Gao, ó rí i pé 1,150 péré ni wọ́n ń tà ní dínárì kan. Ẹ ṣírò ẹ̀, ẹyọ fi ohun tó ju ìlọ́po ọ̀ọ́dúnrún lọ wọ́n ní Mali ju ti Maldives lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ yìí ń fọ́n ká sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ni, ta ló máa gbé e la aṣálẹ̀ kọjá lórí ràkúnmí? Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn Pọtogí fi ọkọ̀ òkun gbé tiwọn wá, àwọn Dọ́ọ̀ṣì àtàwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti apá Íńdíà ni wọ́n ń kó o sí kí ọkọ̀ má baà fì, wọ́n á tà á ní Amsterdam àti London, àwọn oníṣòwò á tún gbé e wá sí Ouidah, ìlú etíkun kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti Èkó, wọ́n á fi ra èèyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ni. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1840, àwọn ará Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú míì wá láti Zanzibar ní ìlà-oòrùn Áfríkà, èyí tó tóbi díẹ̀ tó ní òrùka yẹ́lò lẹ́yìn, wọ́n kó o wá débi pé ẹyọ ò fi bẹ́ẹ̀ ra nǹkan mọ́.

Ká padà sórí fótò yẹn. Ohun tó jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ dáa fún irú nǹkan báyìí ni pé ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, gbogbo ibi tó wú, gbogbo ibi tó tẹ̀ wọlé ló máa ní òjìji, ohun tí oòrùn ọ̀sán máa bò mọ́lẹ̀ á yọ síta kedere. Ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ló tú àṣírí ẹ̀ fó. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ẹ wo èyí tó ṣubú fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lápá òsì. Kò lẹ́yìn! Wọ́n ti gé e kúrò, etí ibi tí wọ́n gé rí jágajàga, ó funfun bí ẹfun, òjìji wá dúdú sínú ihò ẹ̀. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí okùn lè gbà á kọjá, ogójì ogójì lórí okùn kan, báyẹn náà sì ni ti ẹẹ́rìndínlógún tí àwọn olórìṣà ń dà. Ìgbì lè fọ́ ìkarahun, èmi ò rí ìgbì tó ń gé ẹ̀yìn ẹyọ mẹ́jọ lọ́nà kan náà rí.

Mo ti ń lọ sí àwọn bíìṣì wọ̀nyí nírọ̀lẹ́ tipẹ́, fóònù ni mo fi ń ya púpọ̀ nínú fótò mi. Ohun tí ẹ máa rí ṣà pọ̀, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe owó. Ìkarahun pẹlẹbẹ kéékèèké wà, òmíràn ní ihò róbótó kan ṣoṣo nítòsí ibi tó ti so pọ̀, ìgbín òkun kan ló dá a lu láti jẹ ẹran inú ẹ̀, ihò yẹn mọ́ lójú ju ti kápẹ́ńtà lọ. Èèpo àgbọn wà, igi tí omi ti jẹ lára, ewéko tó ń gbá kiri lójú ọ̀sà tó ti gbẹ fẹ́rẹ́fẹ́. Tí ẹ bá kọjú sókun l'Ékòó, ọwọ́ ọ̀tún ni oòrùn ń wọ̀ sí, kì í ṣe iwájú yín, nítorí náà ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ìkarahun yẹn. Ẹ yára o, oòrùn tiwa kì í fi nǹkan falẹ̀ bíi tàwọn ará London, bíi ìṣẹ́jú 25 péré lẹ ní kó tó wọlé tán. Owó ẹyọ tí mo ti rí níbẹ̀ rí, ẹ̀gbẹ́ igbá ẹbọ ló wà, àbí kó já bọ́ lára ẹ̀gbà ọwọ́ ẹnì kan, gbogbo wọn ni wọ́n sì ti gé lẹ́yìn.

Wọ́n á ní Olókun ló ni ọrọ̀, owó ẹyọ sì lọrọ̀ láyé àtijọ́, torí náà òkun wa ló bí i. Mo gbọ́. Ojú òkun náà ni ọkọ̀ gbà. Ìtàn kan tún wà lápá Bẹ̀nẹ̀ pé òkú ẹrú ni wọ́n ń jù sómi kí ẹyọ lè so mọ́ ọn lára, ìtàn yẹn burú, ìrora òwò ẹrú ló wà nínú ẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí.

Ó dáa, ẹ̀yà ẹyọ mélòó kan wà lápá òkun wa níhìn-ín, ẹlẹ́yìn búráùn, kì í ṣe òun ni wọ́n ń kà lọ́kẹ̀ẹ́ lọ́kẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń bá mi jiyàn, kó padà lọ nírọ̀lẹ́ ọ̀la, kó dojú ẹyọ tiẹ̀ dé lórí iyanrìn, kó ya ẹ̀yìn ẹ̀ fún wa.