Ọmọ Tó Bá Ṣípá Là Ń Gbé

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi obìnrin wá bá mi nílé ní Ilésà, ó fajú ro. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń kọ́ èdè ní yunifásítì ti ti Sípéènì dé. Láti Oṣù Kìn-ín-ní títí di Oṣù Kẹta ló fi wà ní Salamanca, nínú ilé ìdílé kan tó gbà á sílé, kí ó lè máa gbọ́ Sípáníìṣì lẹ́nu wọn láàárọ̀ lálẹ́. Àbúrò mi ní, "Sìstá mi, àwọn èèyàn yẹn ò kóni mọ́ra. Wọn ò fẹ́ràn ọmọ mi. Ẹ wo gbogbo owó tí a ná." Mo wo ọmọ náà. Fóònù ló ń tẹ̀. Mo ní kó fi Sípáníìṣì kí mi, kó bi mí bí mo ṣe jí. Ó sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

Inú bí mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú náà ò tíì rọ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Ẹ ti rí i rí: ìyá á kọjá lára èyí tó káwọ́ sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ gbé èyí tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Yunifásítì ti wà ní Salamanca láti 1218, ó ti lé ní 800 ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ilé ẹ̀kọ́ kì í wọ ọmọ létí. Obìnrin tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì ló ni èdè, òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń pariwo bọ́ọ̀lù nídìí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ló lè gbé ọmọ. Ṣé ọmọ ṣípá?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Àárọ̀ ńkọ́? Ó ní òun máa ń sùn títí kíláàsì á fi kù díẹ̀. Ọ̀sán ńkọ́? Ó ní wọn kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀ àfi aago méjì tàbí mẹ́ta, ebi á sì ti pa òun, òun á lọ ra búrẹ́dì jẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì tí wọ́n jọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Alẹ́ ńkọ́?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ìdílé yẹn ń jókòó sídìí tábìlì. Ìyá onílé á po ẹyin mọ́ ànàmọ́ tó ti dín, á yí i padà lójú páànù títí á fi dì bí àkàrà ńlá. Tortilla ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn kì í dìde. Sobremesa lorúkọ ìjókòó yẹn. Abọ́ òfìfo wà níwájú wọn, èérún búrẹ́dì wà lórí aṣọ tábìlì, ẹnu ò sì dákẹ́. Bàbá á sọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n á máa fi àbúrò ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá á bá wọn là á. Kò sí tíṣà tó lè kọ́ni ní ìyẹn. Ọmọ wa ní tòun, bó bá ti di aago mẹ́sàn-án ni fóònù òun máa ń dún, òun á gbé abọ́ wọ yàrá, òun á tilẹ̀kùn. Ìyá onílé wá kanlẹ̀kùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò kàn án mọ́.

Mo ní, "Ta ló ń pè ọ́?" Ó wo ìyá rẹ̀, kò fèsì. N óò padà síbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò yẹ kí Sípáníìṣì le fún ọmọ Yorùbá. Fáwẹ̀lì márùn-ún ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa láti kékeré. Wọ́n ní tú fún ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n ní usted fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ" ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó ṣàlàyé tán. Lóòótọ́, ní Sípéènì òde òní, ìyá onílé fúnra rẹ̀ lè ní kí o máa pe òun ní tú, àmọ́ ẹ̀kọ́ ni kí o dúró kó sọ ọ́. Bí o bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ, wàá ní que aproveche, bí àwa náà ṣe ń kí ẹni tó ń jẹun. Ibi tó ti le díẹ̀ ni r. Pero ni "ṣùgbọ́n", perro ni ajá. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ò bá gbọ̀n dáadáa, á fẹ́ pe ajá, "ṣùgbọ́n" á jáde. Inú yàrá kọ́ lahọ́n ti ń kọ́ irú ìyẹn. Níwájú ẹni tó máa rín ọ rẹ́rìn-ín, tó sì máa tún un sọ fún ọ, ni.

Nígbà tí mo ń gbé Ilé-Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ti Amẹ́ríkà wá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ibẹ̀, wọ́n á sì máa gbé ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn bá mi lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wà kan ní Làgẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ẹwà." Ìyá náà dá ṣíbí dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run ti fún ọ ní ẹwà. Ẹ̀wà lèmi ń tà." Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin yẹn pọ́n bí epo, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta títí ó fi bọ́ sí i. Ìyá náà bu èènì sí i. Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló padà lọ. Kí oṣù tó parí, ẹlẹ́wà ti sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, ìdí ìkòkò rẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ ìròyìn àdúgbò.

Àwa Ìjẹ̀ṣà ló wá yẹ ká kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbé ilé onílé? Àwọn bàbá wa òṣómàáló gbé aṣọ kúrò ní Ilésà, wọ́n ń tà á láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ilé onílé ni wọ́n ń wọ̀ sí. Òṣó ni wọ́n ń ló, ìyẹn ni pé wọ́n ń lóṣòó, títí wọ́n á fi gbowó wọn, ẹnu wọn ò sì dákẹ́ lórí òṣó: wọ́n ń kí ìyàwó ilé, wọ́n ń bá ọmọ ṣeré, wọ́n ń fi ohùn ìlú yẹn dá onígbèsè lóhùn. Kódà ní Matanzas ní Kúbà, níbi tí Sípáníìṣì ti jọba, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní Iyesá. Àwa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀ kò ní fóònù, ọwọ́ wọn ò sì tú ìlù náà sílẹ̀.

Àmọ́ mo mọ ibi tí iná ti kú. Wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Iná wo lọmọ yìí mú láti ilé? Nínú ilé àbúrò mi, bí ọmọ bá fi Ìjẹ̀ṣà dá màmá àgbà lóhùn, wọ́n á ní kó má ba ẹnu ara rẹ̀ jẹ́. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní ọmọ ń kàwé, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Bí oúnjẹ bá jinná, kálukú á gbé abọ́ tirẹ̀ wọ yàrá. Ọmọ tí kò jókòó ti èèyàn jẹun rí ní Ilésà, ṣé Salamanca ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ tí a ti kọ́ pé èdè ìyá ìyá rẹ̀ ń ba ẹnu jẹ́, báwo ni yóò ṣe gbà pé èdè ìyá onílé kan ní Sípéènì yẹ ní títẹ́tí sí? Ẹ̀yin òbí, ẹ má purọ́ fún ara yín. Ẹ̀yin lẹ ká apá ọmọ yín mọ́ ọn lára, ẹ wá ń bínú sí àjèjì pé kò gbé e.

Àbúrò ọmọ yìí obìnrin náà ń múra àtilọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ ọmọ mi, kó abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Béèrè orúkọ gbogbo ohun tó wà ní kíṣìnnì. Bí wọ́n bá ń rín ọ rẹ́rìn-ín, bá wọn rín in, kí o tún un sọ.

Ìyá rẹ̀, ìwọ ni mo wá fẹ́ bá wí. Ìwọ lò ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lálaalẹ́, bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà òtútù, aago wa àti tiwọn ò yàtọ̀. Ìwọ lo gbé ọmọ kúrò nídìí oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Bó bá kan ti èyí, pè é láàárọ̀ Sátidé. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbé fóònù rẹ sílẹ̀, jẹ́ kí ọmọ bá wọn jókòó.