Ẹ Bá Mi Kí Òyìnbó Alájá Tó Ń Bọ̀ Nílùú Wa

Ẹ bá wa yọ̀ o, kánsù tiwa náà ti gbé pátákó jáde. Kánsù mẹ́fà ló wà ní FCT, ìyẹn Àbújá olú-ìlú wa, n ò ní sọ èwo ni tiwa torí mo ṣì ń gbébẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú pátákó ọ̀hún, ó ṣeé ṣe kó ti wà ní kòríta yín: alága ń rẹ́rìn-ín lápá ọ̀tún, lápá òsì ìlú kan tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, ilé alájà mẹ́wàá, títì tó ń dán, igi òyìnbó lọ́tùn-ún lósì, wọ́n wá kọ Master Plan sí i gàdàgbà. Àwòrán yẹn dáa, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Mo dúró tì í débi pé oní-kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan bú mi tìyátìyá.

Èyí tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni òyìnbó obìnrin kan tó ń fa ajá lọ. Ojú títì tiwa gan-an ló wà o, wọ́n kọ orúkọ ọjà wa sábẹ́ ẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ki nǹkan bọ etí, ajá funfun onírun wúruwùru ń lọ níwájú ẹ̀, ara tu àwọn méjèèjì. Mo wá fara balẹ̀ wo gbogbo ibi tó kù bóyá màá rí ẹni tí mo mọ̀. Gbagyi tó nilẹ̀ ò sí ńbẹ̀, Hausa ò sí, Tiv ò sí, àwa Yorùbá tá a wà nídìí àmàlà ò sí. Mai ruwa ò sí, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀ ni gbogbo wa fi ń wẹ̀. Kódà ewúrẹ́ kan ṣoṣo ò sí, ewúrẹ́ tó jẹ́ pé àwọn ló ń darí ọkọ̀ ní kòríta wa látàárọ̀!

Òyìnbó alájá nìkan ni wọ́n rí fi sétò. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà á lálejò. Omi wo ló máa fi wẹ ajá, ṣé ti mai ruwa, èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Tí òjò bá dé ńkọ́, torí ibi tó ti ń rìn nínú àwòrán yẹn, odò ló máa ń dà lásìkò òjò, àwa tá a ń gbébẹ̀ ń ká ṣòkòtò sókè, tiẹ̀ ti péńpé tẹ́lẹ̀, bóyá pílánù gan-an nìyẹn. Ajá tó sanra tó báyẹn, ṣé ó máa kọjá lẹ́yìn ọjà lálẹ́ Sátidé, níbi táwọn oní-404, àwọn tó ń ta ẹran ajá, wà? Okùn nìkan ló máa kù lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Bàbá Alfa tó jẹ́ alága lándílọ́ọ̀dù tiẹ̀ bi ọmọ kánsù tó wá sí mítìn wa pé, "Ìyàwó tó ń fa ajá yìí, ṣó ti sanwó ilẹ̀ ẹ̀?" Ọmọ náà ní àwòrán lásán ni, Bàbá. Bàbá ní, "Ẹ yáa yọ orúkọ ọjà wa kúrò lábẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn."

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra pílánù o. Ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Akinọlá Àgùdà, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975 tó ní kí olú-ìlú kúrò l'Ékòó. February 1976 wọ́n ṣòfin ẹ̀, 1979 máàsítà pílánù jáde, Kenzo Tange ará Japan ló ya àárín ìlú, December 1991 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó dé. Wọ́n rọra ṣe é, títì ti wà nílẹ̀ kérò tó dé. Síbẹ̀ náà, ẹ bi àwọn ará Wuse àtijọ́ tí wọ́n ṣí nípò bí wọ́n ṣe dé Sabon Wuse ní Niger. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Maitama ò lè sùn ní Maitama, ló bá di Nyanya, Nyanya kún, ló bá di Mararaba tó jẹ́ ti Nasarawa. El-Rufai dé ní 2003 gẹ́gẹ́ bíi mínísítà FCT, ó ní wọ́n ti ba pílánù jẹ́, katapílà bẹ̀rẹ̀ sí í wólé. Ẹni tó bá rántí àsìkò yẹn, tó bá gbọ́ "ìdàgbàsókè tó létò", àyà ẹ̀ á kọ́kọ́ já ná.

Ṣé pátákó ni wọ́n fi tẹ Bodija dó n'Ìbàdàn níparí àwọn ọdún 1950? Àwọn tó tẹ ìlú bàbá mi dó, kò séyìí tó lọ yunifásítì nínú wọn: ààfin láàárín, ọjà níwájú ààfin, ọ̀nà yà látibẹ̀ lọ sí agbo-ilé kọ̀ọ̀kan, tó o bá ṣìnà wọ́n á ní kó o padà sí ààfin. Bàbá mi àgbà kì í gbà kẹ́nì kankan kọ́ ìsọ̀ sójú ọ̀nà ọjà, ọ̀pá ló fi ń lé wọn. Wọ́n ní ó le jù. Mo jọ ọ́.

Àwọn tiwa wá ńkọ́? Kánsù yìí kan náà ló ta pulọ́ọ̀tì fún mi, èmi fúnra mi ni mo gbówó lọ, síìlì wọn ń bẹ lórí ìwé ẹ̀. Kò sí títì, kò sí gọ́tà, wọ́n ní ó ń bọ̀. Àwa la dáwó ra òpó iná, àwa la da kọ́fáàtì, àwa la kó làtéráìtì sójú ọ̀nà, ó wá dọdún yìí wọ́n gbé ọ̀dà pupa wá, wọ́n kọ X gìrìwò sára fẹ́ǹsì mi, wọ́n ní mo kọ́lé sójú ọ̀nà pílánù. Ọ̀nà wo? Pílánù tẹ́ ẹ yà lánàá, ilé tó ti wà tipẹ́! Ẹni tó ra bàtà tán kó tó wọn ẹsẹ̀ ọmọ, ṣé ẹsẹ̀ ló máa gé? Ojú ò tiẹ̀ tì yín. Òfin ètò ìlú ti wà láti 1992, ṣé ẹ ò rí i kà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ wa ni? Ilẹ̀ tẹ́ ẹ pè níbi ìṣeré ọmọdé nínú lé-áòtù àkọ́kọ́, plaza ló wà ńbẹ̀ báyìí, alájà mẹ́ta, ta lẹ tà á fún? Ẹ ò kọ X síyẹn. Ọ̀dà ṣẹ́ kù nínú garawa yín, mo rí i, ẹ gbé e lọ síbẹ̀ ká wò ó.

Wọ́n tún wá ní kílé kọ̀ọ̀kan mú ₦5,000 wá, owó pílánù. Ìyá Ìbejì alámàlà ti san tiẹ̀, ẹ̀rù ló bà á torí ìsọ̀ ẹ̀ wà létí títì. Èmi ò san. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Mo wà nílé, ìwé mi wà lórí tábìlì, omi wà lẹ́nu géètì. Tí wọ́n bá ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá, ká jọ sọ̀rọ̀.