Kí Ìjọba Tó Tún Náwó Sórí Windows

Microsoft ti ṣe ohun tó ní òun máa ṣe. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ́fíìsì tó bá ṣì fẹ́ àtúnṣe ààbò fún Windows 10, ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbọ́dọ̀ sanwó. Láti ọdún 2021 la ti mọ ọjọ́ náà. Kò sí ọ̀gá ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá tó lè ní òjò yìí ò ṣú kó tó rọ̀. Síbẹ̀, a ò tíì rí gómìnà kan tó jáde sọ ohun tó fẹ́ ṣe sí àwọn kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ owó orí àti ìwé ilẹ̀ wa wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Dọ́là 61 ni wọ́n ń gbà lórí kọ̀ǹpútà kan lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì ó di 122, lọ́dún kẹta 244, lẹ́yìn náà àtúnṣe ọ̀hún á dópin. Dọ́là 427 lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a ti rà tẹ́lẹ̀! Ó lé ní 500,000 náírà, ó sì ju owó oṣù méje òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà tí òfin là kalẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ bọ́ sórí Windows 11, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò ní gbà á. Kọ̀ǹpútà tí kò bàjẹ́ á wá di pàǹtírí.

Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, kò béèrè owó láísẹ́ǹsì. Yóò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn, àtúnṣe ààbò rẹ̀ ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, bọ́tìnnì Yorùbá tí a fi ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ló ń dùn wá. A ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí rí, a ó sì tún un sọ: ìjọba tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan ń dájọ́ fún pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, kò tíì ní àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ níkàáwọ́.

Ọdún 2007 yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Classmate, 17,000, ni wọ́n fẹ́ kó wá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Nàìjíríà, Linux tí ilé-iṣẹ́ Mandriva ti Faransé ṣe ló sì máa wà lórí wọn. Àdéhùn ti parí kí agbaṣẹ́ṣe tó ní òun á san owó Mandriva, òun á sì yọ ọ́ kúrò kí òun fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, láti fi ẹ̀hónú hàn. Àjọ ìjọba wa, USPF, tó ń fowó ti ètò ìbánisọ̀rọ̀ lẹ́yìn kó lè dé ibi gbogbo, tó sì ń sanwó 11,000 nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, ló dúró gbọin pé Linux náà ni òun fẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Kí ló dé tí àwọn tòní ò lè ṣe é?

Wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ò ní mọ̀ ọ́n lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi òṣìṣẹ́ bojú! Linux ló wà nídìí fóònù Android tó wà lápò wọn. Láti ọdún 2008 ni àwọn Gendarmerie, ọlọ́pàá ológun ilẹ̀ Faransé, ti ń kó kọ̀ǹpútà wọn lọ sórí Ubuntu, irú Linux kan. Wọ́n á tún dárúkọ ìlú Munich ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, tó sì dìbò lọ́dún 2017 láti padà sí Windows. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 15,000 kọ̀ǹpútà ti ṣiṣẹ́ lórí Linux níbẹ̀ kí àwọn olóṣèlú tuntun tó yí ìpinnu náà padà.

A gbà pé àwọn ètò ìṣirò owó kan wà tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n fi ìwọ̀nba ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì yọ wọ́n kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti ìyókù, kí gómìnà kọ̀ọ̀kan mú iléeṣẹ́ ìjọba kan, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Kọmíṣánnà tó bá sì fẹ́ buwọ́ lu owó Windows, kí ó kọ ìdí tí Linux kò fi lè ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì gbé ìwé náà síta fún ará ìlú kí owó tó jáde.