Èwo ni ìhà kejì ìpakúpa àwọn Júù?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, òṣìṣẹ́ àgbà kan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Southlake, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn olùkọ́ pé ẹni tó bá ní ìwé lórí ìpakúpa àwọn Júù (Holocaust), èyí tí ìjọba Násì Hitler ti Jámánì ṣe, nínú kíláàsì rẹ̀, kí ó wá òmíràn tí èrò inú rẹ̀ yàtọ̀ fi tì í. Ọ̀gá àgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ti tọrọ àforíjì. A gbọ́. Sẹ́nátọ̀ Bryan Hughes, aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, ti fèsì pé òfin kò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. A gbọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n lójúkojú ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́. Nígbà tí olùkọ́ kan béèrè bí ènìyàn ṣe ń tako irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èsì tó gbà ni pé ọ̀rọ̀ náà ti jẹ yọ rí.

Wọ́n ní àṣìsọ òṣìṣẹ́ kan ni. Òfin Texas tí wọ́n ń pè ní HB 3979, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ní kí olùkọ́ tó bá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn lóde òní yẹ̀ ẹ́ wò láti ìhà gbogbo láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kò sì to àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí nítorí ìwé kan kò ní dúró de ilé-ẹjọ́ kó wá túmọ̀ òfin fún un; yóò kó ìwé rẹ̀ kúrò ní pẹpẹ. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ló sì ṣòfin ní ọdún 2019 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìrántí ìpakúpa náà.

A ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí rí pé kí wọ́n má fi iye òkú nìkan kọ́ àwọn ọmọ. Kí wọ́n kọ́ wọn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Hitler kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àléfà tí òfin ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1933 fi dín àwọn ọmọ Júù tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kù sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìwé ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ nígbà ìjọba Násì, ìbéèrè kan ní: bí kíkọ́ ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ bá gba mílíọ̀nù 6 máàkì, owó Jámánì ìgbà náà, tí ilé ìdílé kan sì jẹ́ 15,000 máàkì, ilé mélòó ni owó náà ì bá kọ́? Ọmọ tó gbọ́n yóò kọ 400, olùkọ́ yóò ní ó gbà á, wọn a sì ṣí ojú ewé mìíràn. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ ọdún 1941, ìjọba yẹn ti fi gáàsì pa ju 70,000 alárùn ọpọlọ àti aláàbọ̀ ara lọ, àwọn kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n sì kó lọ sí àwọn àgọ́ ìpànìyàn Treblinka àti Sobibor láti lọ pa àwọn Júù. Kí àwọn aṣòfin Texas sọ ìhà kejì ìṣirò yẹn fún wa.

Àwọn ará wa kan ní Houston àti Dallas rò pé ìjà òyìnbó ni. Ní ọdún 1937, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Gestapo kó nǹkan bí 400 ọmọ ní agbègbè Rhineland ní Jámánì, tí bàbá púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ-ogun láti Áfíríkà tó bá Faransé ṣiṣẹ́, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn tí wọn kò fi ní bímọ láyé. Ní Southlake yìí gan-an, ní ọdún 2018, fídíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi orúkọ èébú aláwọ̀ dúdú kọrin tàn káàkiri. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ka ìtàn Rhineland.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Àjọ tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní Texas ní láti kọ̀wé sí gbogbo ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́, ojú ewé kan péré ti tó, pé ìpakúpa àwọn Júù kò sí lára ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, àti pé kò sẹ́ni tí yóò jìyà nítorí ìwé tó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Lóṣù kìíní lọ́dọọdún ni ọ̀sẹ̀ ìrántí máa ń wáyé. Kí lẹ́tà náà dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ ṣáájú ìgbà náà.