Oríkì ìlú lẹ́nu olóṣèlú

Mo ka ìròyìn kan tó sọ pé èdè ni àwọn olóṣèlú fi ń sọ ara wọn di ọmọ ilé lórí Facebook. Òótọ́ ni. Ní Kwara tiwa, kì í ṣe tuntun. Ṣebí ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò "Ó tó gẹ́" náà ni ẹgbẹ́ APC fi gba ìjọba ní 2019?

Ẹ wo olóṣèlú tó kọ oríkì "Ìlọrin Gẹ̀rì Àlímì" pẹ̀lú sàláámù gígùn láàárọ̀ Jímọ̀. Tó bá dé Òmù-Àrán, ọmọ Ìgbómìnà ti dé nìyẹn. Ní Ọ̀fà, "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ló kù. (Ara tí kò lè gbé korobá omi!) Àwọn Bàrùbá àti Nupe ńkọ́? Ó di ìgbà ìbò.

Oríkì wù mí o, àmọ́ kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ná sójú ọ̀nà wa náà síbẹ̀.