Ebi kọ́ ló ń dá ọgbẹ́ sínú

"Lọ jẹun o, kí ulcer má bàa mú ọ." Bóyá la fi rí ẹni tí wọn ò tíì sọ ọ́ fún rí. Kéèyàn má tíì jẹ oúnjẹ àárọ̀ títí di ọ̀sán, ìyá ẹ̀ á ní ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ fa ọgbẹ́ inú. Tí inú bá wá lọ run ún lóòótọ́, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: ebi ló fà á. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, ó sì dáa ká jẹun lásìkò. Àmọ́ ebi kì í dá ọgbẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú. Èrò yìí ti wá di ìpalára, torí ó ń jẹ́ kí àwọn tí ọgbẹ́ wà nínú wọn lóòótọ́ máa fi oúnjẹ tọ́jú ohun tí oúnjẹ ò lè wò.

Ibi tó ti rú àwọn èèyàn lójú ò ṣòroó rí. Tọ̀sán-tòru ni ásíìdì tó ń lọ oúnjẹ máa ń wà nínú àpòlúkù. Bí egbò bá ti wà níbẹ̀, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tó so mọ́ àpòlúkù, oúnjẹ a máa gba ásíìdì náà mọ́ra fúngbà díẹ̀, ara á sì tu èèyàn. Tó bá di wákàtí 2 sí 3 lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí láàárín òru tí ikùn ti ṣófo, ásíìdì á wá kan egbò náà ní tààrà, ìta á bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i: ebi pa á, inú ta á, ó jẹun, ó rọlẹ̀. Ta ni ò ní di ẹ̀bi náà ru ebi? Bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ebi kàn tú àṣírí egbò tó ti wà níbẹ̀, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe máa ń fi ibi tí awọ ọwọ́ ti bó hàn wá.

Kí ló wá dá egbò náà sílẹ̀? Kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí, Helicobacter pylori, ló wà nídìí púpọ̀ nínú ẹ̀. Títí wọ àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà fúnra wọn ń sọ pé ìdààmú ọkàn àti ata ló ń fà á, wọ́n sì gbà pé kò sí kòkòrò tó lè gbé inú ásíìdì ikùn. Robin Warren, dókítà tó ń fi maikirosíkóòpù yẹ ẹran ara aláìsàn wò ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, ló kíyè sí kòkòrò náà lọ́dún 1979. Barry Marshall dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń gbìyànjú láti mú un hù nínú àwo. Kò hù, torí wọn kì í fi sílẹ̀ ju bí ọjọ́ méjì lọ kí wọ́n tó dà á nù. Ìsinmi Ọdún Àjíǹde lọ́dún 1982 ló bá wọn ṣe é: wọ́n gbàgbé àwọn àwo kan sílẹ̀ kọjá ọjọ́ tó yẹ, ìgbà tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò ti hù. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ò gbà. Lọ́dún 1984, Marshall po kòkòrò náà mọ́ omi, ó gbé e mu. (Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má dán an wò nílé.) Kò pẹ́ tó fi ń bì, tí ẹnu ẹ̀ ń rùn, nígbà tí wọ́n sì fi kámẹ́rà wo inú ẹ̀, ògiri àpòlúkù tí kò ní àbùkù tẹ́lẹ̀ ti ń wú. Ọdún 2005 ni wọ́n fún òun àti Warren ní ẹ̀bùn Nobel. Kòkòrò náà wà nínú ikùn ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ dolọ́gbẹ́.

Ohun kejì tó ń dá ọgbẹ́ ló ń bí mi nínú jù, torí inú báàgì wa ló ń gbé. Ibuprofen, diclofenac, naproxen, piroxicam, aspirin: oògùn ìrora tí a ń rà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èròjà kan wà tí ara wa ń ṣe, prostaglandin lorúkọ ẹ̀. Nínú ilé ọmọ, òun ló ń mú kí iṣan fún pọ̀, tí inú fi ń run obìnrin nígbà nǹkan oṣù. Nínú àpòlúkù, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: òun ló ń jẹ́ kí omi yíyọ̀ tó bo ògiri ikùn máa sun, kí ásíìdì má bàa jẹ ẹ́. Àwọn oògùn yìí ò mọ ìyàtọ̀, níbi gbogbo ni wọ́n ti ń dí prostaglandin lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ibuprofen fi ń ṣiṣẹ́ gan-an fún inú rírun nǹkan oṣù, tó sì fi léwu fún olọ́gbẹ́. Ẹni tí ọgbẹ́ ń ta, tó wá ra diclofenac ní kẹ́míìsì kó lè rí oorun sùn, ohun tó ń dá ọgbẹ́ ló tún gbé mì yẹn. Kò sì yọ ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, torí inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà fún ní aspirin nítorí àrùn ọkàn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra ẹ̀.

Ata ńkọ́? Ó lè ta ẹni tí egbò wà nínú ẹ̀, òun kọ́ ló dá egbò sílẹ̀. Mílíìkì máa ń tuni lára díẹ̀, lẹ́yìn náà á mú kí ásíìdì tún sun sí i. Sìgá ni ká máa pariwo lé lórí, torí kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná.

Ẹ má sì jẹ́ ká máa pe gbogbo inú rírun ní ọgbẹ́. Inú tó ń lọ́ni, tó ń fún, tó tún ń dẹ̀, iṣan ìfun ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ tó há, àìrígbẹ́yà, ìgbẹ́ gbuuru, oúnjẹ tí kò bára mu. Omi gbígbóná nínú ìgò tí a fi aṣọ wé, ká gbé e lé ikùn, ká rìn díẹ̀, ká máa mu omi díẹ̀díẹ̀, ìyẹn sábà máa ń tó. Ìta ọgbẹ́ yàtọ̀: òkè ikùn, lábẹ́ igbá àyà, ló sábà máa ń wà, ó máa ń jóni, á lọ, á tún padà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lèèyàn ń bì, tí ìgbẹ́ dúdú tó ń fà bí ọ̀dà, tí ikùn le gbagidi lójijì, tàbí tí ìrora bẹ̀rẹ̀ nídìí ìdodo tó wá sún sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí tiẹ̀ bá jọ ti ọgbẹ́, kó sọ fún dókítà pé òun fẹ́ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò yìí, ti èémí tàbí ti ìgbẹ́. Tó bá ń lo omeprazole, ìyẹn oògùn tó ń dín ásíìdì kù, kó má fi pa mọ́, torí ó yẹ kéèyàn ti dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò lè wà níbẹ̀ kí àyẹ̀wò má rí i. Omeprazole nìkan á dín ásíìdì kù, egbò á jinná, kòkòrò á sì jókòó síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń padà wá. Oògùn apakòkòrò oríṣi méjì ó kéré tán, pẹ̀lú oògùn tó ń dín ásíìdì kù, ni wọ́n sábà máa ń lò pọ̀ fún ọjọ́ 14. Bí ara bá yá lọ́jọ́ karùn-ún, kéèyàn lò ó tán ni. Lẹ́yìn tó bá parí, kó jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ 4 kó tó tún àyẹ̀wò náà ṣe.