Iṣẹ́ tí kò ní rìsíìtì náà, iṣẹ́ ni

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan pè mí lóru ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti há. Lọ́yà rẹ̀ ló ní kó lọ kó rìsíìtì gbogbo ohun tó fi sínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ wá. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi wà pọ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, rìsíìtì wo ni kí n mú lọ? Ta ní í gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọmọ tó bá wẹ̀ fún?" Mi ò rí èsì fún un. Látọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ pípín dúkìá lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ ti ń dùn mí, tí mo sì ń kà nípa rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bójú tó ilé kí ẹnì kejì lè ráyè lọ wá owó, òun náà wà lára ẹni tó wá owó yẹn.

Mo mọ ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde: orúkọ ta ló wà lórí ìwé? Ìwé dára, mi ò bá ìwé jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ buwọ́ lù ú nìkan ni ìwé ń fi hàn. Kò lè sọ ẹni tó jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ́jọ́ náà. Bí ọkùnrin bá lè jáde nídàájí kó wọlé lóru, tí kò sí ọjọ́ kan tó ní láti ronú ẹni tó máa mú ọmọ dé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹnì kan ló ń bá a ronú rẹ̀. Owó oṣù tó ń gbà, ìgbéga tó ń rí níbi iṣẹ́, ilẹ̀ tó fi owó náà rà, gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ ẹni yẹn wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí ìgbéyàwó bá ń dùn, gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá tú ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ máa ń sọ pé òun nìkan ló ni gbogbo ohun tó wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Irene Murdoch fún yín, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi. Ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń sin màlúù. Nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ́dọọdún ni ọkọ fi ń lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, obìnrin yìí ló sì ń dá oko náà bójú tó. Ó ń wa katakata àti ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń gé koríko, ó ń da màlúù, ó ń gé ìwo wọn, ó ń gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ń fi irin gbígbóná sàmì sí wọn lára. Nígbà tí ìgbéyàwó náà tú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ó ní kí kóòtù fún òun ní ìpín nínú oko. Lọ́dún 1973, adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Kánádà ní kò ní ìpín kankan níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ṣe kò ju iṣẹ́ tí ìyàwó olùsìn màlúù èyíkéyìí ń ṣe lọ. Adájọ́ Bora Laskin nìkan ló ta kò wọ́n.

Ẹ tún un kà. Torí pé gbogbo ìyàwó irú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà kò wá já mọ́ nǹkan kan. Ká ní alágbàṣe ló ṣe é, ṣé a máa sọ fún un pé iṣẹ́ tí gbogbo alágbàṣe ń ṣe lo ṣe, máa lọ lọ́wọ́ òfo? Àwọn obìnrin Kánádà bínú, ariwo náà kò sì rọlẹ̀ títí àwọn ìpínlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí òfin wọn padà. Ontario ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1978.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà pẹ́ kó tó yé wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí owó tọkọtaya bá pọ̀, ìbéèrè tí àwọn adájọ́ máa ń bi ara wọn ni pé èló ló máa tó ìyàwó gbé ayé rẹ̀? Wọ́n á wọn ìyẹn fún un, ọkọ á kó ìyókù. Bíi pé àlejò tó fẹ́ lọ ni obìnrin, tí wọ́n ń fún ní owó ọkọ̀. Ẹjọ́ tọkọtaya kan tó ń jẹ́ White lọ́dún 2000 ló fòpin sí i. Àwọn adájọ́ àgbà sọ pé kò gbọdọ̀ sí ojúsàájú láàárín ẹni tó ń mówó wọlé àti ẹni tó ń tọ́jú ilé àti ọmọ, àti pé kí adájọ́ máa fi ìdajì-ìdajì wọn ìpín tó bá pín wò kó tó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, Ìyáàfin White fúnra rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀ bíi ti ọkọ rẹ̀, kò gba ìdajì: nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 pọ́n-ùn ló kàn án nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6. Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni pé bàbá ọkọ rẹ̀ ti ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà, ti Jámánì ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti ń ṣe é. Kálukú ló ni ohun ìní tirẹ̀ títí ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n á wo iye tí kálukú fi lé orí ohun tó mú wọ inú ìgbéyàwó. Ká ní ọkọ mú 10 wọlé tó sì ti di 110, ó ti lé 100. Ìyàwó mú 20 wọlé, ó di 40, ó ti lé 20. Ọkọ fi 80 jù ú lọ, torí náà yóò fún ìyàwó ní ìdajì rẹ̀, ìyẹn 40. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ló lé jù, òun ló máa sanwó. Kò sí ẹni tó ń béèrè rìsíìtì iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

California ní tiwọn máa ń dá ohun tí tọkọtaya ní nínú ìgbéyàwó sí méjì dọ́gba, gbèsè náà kò sì yọ sílẹ̀. Ogún àti ẹ̀bùn kò sí nínú rẹ̀, àfi tí ẹ bá da owó ogún yín pọ̀ mọ́ ti àkáǹtì àjọni débi pé kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́.

Òfin Kẹ́ńyà ti ọdún 2013 kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé iṣẹ́ ilé, ìtọ́jú ọmọ àti iṣẹ́ oko wà lára ohun tí ènìyàn fi kún dúkìá. Lọ́dún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ wá sọ pé ìyẹn kò túmọ̀ sí ìdajì-ìdajì fún gbogbo ẹjọ́, kálukú ní láti fi ohun tó ṣe hàn. Ti Nàìjíríà, abala 72 nínú òfin ìgbéyàwó ọdún 1970, èyí tó wà fún ìgbéyàwó abẹ́ òfin ìjọba, ní kí adájọ́ ṣe é bó bá ṣe tọ́ tó sì yẹ, kò dárúkọ ìdá kankan. Ibi tí òfin kò bá ti dárúkọ ìdá, ẹ̀rí ló kù. Ẹ̀rí yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tó wà nílé kì í ní in.

Mi ò sọ pé ìdajì ló yẹ gbogbo ènìyàn. Ìgbéyàwó oṣù mẹ́fà kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ọgbọ̀n ọdún. Mi ò sì sọ̀rọ̀ nítorí obìnrin nìkan. Ọkùnrin tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ọmọ kí ìyàwó rẹ̀ lè di ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, bákan náà ló rí lójú mi. Òṣùwọ̀n kan náà ni mo ní kí wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Owó ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ilé àti ọkọ̀ ni wọ́n máa ń jà lé lórí, nígbà tó jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì tó ń kó jọ síbi iṣẹ́ ẹnì kan lè ju ilé náà lọ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá wà nílé tọ́mọ kò ní irú rẹ̀ rárá, á sì darúgbó. Láti òpin ọdún 2000 ni àwọn kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti láṣẹ láti pín in.

Ẹ̀yin tí ìgbéyàwó yín ṣì ń dùn, mo bẹ̀ yín, ẹ jọ kọ orúkọ yín sórí ìwé ilẹ̀ nísinsìnyí. Kì í ṣe àìfọkàntánni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jọ fẹnu kò sí i, ẹ kọ déètì sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ti rí nǹkan kan kó jọ. Káàdì ìdánwò àwọn ọmọ ni, láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí di girama. Níbi tí wọ́n ti ní kí òbí buwọ́ lù, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lórí gbogbo wọn. Lọ́yà ti gbà á, ó ní òun máa gbé e síwájú adájọ́.